Ìṣísẹ̀ Méjìlélógún Láti Ẹ̀yìnkùlé

Ní ìlú Òkèwodò, ọkùnrin kan wà tí ó mọ ẹ̀yìnkùlé gbogbo ilé tó wà láàárín ìlú, ṣùgbọ́n tí kò mọ iwájú ẹyọ kan nínú wọn. Ṣàngódèyí ni orúkọ rẹ̀. Bí ènìyàn bá bi í pé níbo ni ilé Ìyálóde wà, yóò họ orí, yóò wo ọ̀tún wo òsì bí àlejò àná. Ṣùgbọ́n bí ó bá lè rí ọ̀nà yí gba ẹ̀yìn, tí ó rí ògiri ilé ìdáná àti ilẹ̀kùn kékeré tó wà lára ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kíá ni yóò sọ ẹni tó ni ilé náà, yóò sọ ẹni tó bí onílé, yóò sì fi ohun tí wọ́n ń jẹ nígbà ọdún kún un. Iṣẹ́ agbépòó ló ṣe ní ìlú náà fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Láyé ìgbà náà, kò sí ọmọlúwàbí tó ń wo ojú agbépòó. Aṣọ ni agbépòó fi ń di ojú àti imú, ẹyinjú méjèèjì nìkan ló ń yọ síta. Bí ó bá ń bọ̀, àwọn ènìyàn á kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n á ti fèrèsé pa. Kò sì sí ẹni tó jẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí gbogbo ayé ló mọ̀ pé agbépòó tí ènìyàn bá bú, iwájú ilé olúwarẹ̀ ni yóò ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, tí yóò sì máa lọ ní tirẹ̀ láìwo ẹ̀yìn. Ìbẹ̀rù yẹn ni wọ́n ń pè ní ọ̀wọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Ṣàngódèyí ṣe fi orí ru ìgbẹ́ ìlú fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tí kò sì sí ẹyọ ẹnìkan tó lè dá a mọ̀ bí wọ́n bá pàdé lójú ọjà.

Òun àti Àbíọ́nà àbúrò rẹ̀ ni wọ́n jọ wọ ìlú. Ìyàn ló lé wọn kúrò nílé, ìrìn ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n rìn, iṣẹ́ tí onílùú kò fẹ́ ni wọ́n sì bá nílẹ̀. Ọdún kẹta ni Àbíọ́nà kú sẹ́nu iṣẹ́ náà, nínú kòtò. Àwọn àgbà ìlú ní àwọn kò gbọ́ ọ rí pé wọ́n sin agbépòó sáàárín ìlú. Ṣàngódèyí gbé òkú àbúrò rẹ̀ rù, ó gba ẹ̀yìnkùlé dé ẹ̀yìnkùlé, títí ó fi dé Ìsàlẹ̀-Amọ̀, ilẹ̀ àbàtà tí àwọn amọ̀kòkò ti ń wa amọ̀. Ibẹ̀ ló sin ín sí. Ó kọ́ yàrá kan tì í, ó ń gbébẹ̀, kò sì kúrò mọ́. Ẹni tó ti rìn jìnnà mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí wọ́n bí ènìyàn sí ni ilé; ibi tí ó bá sin ènìyàn rẹ̀ sí ni. Òwúrọ̀ kì í mọ́ kó má gbá orí ilẹ̀ náà kó tó bọ́jú.

Nígbà tó yá, àwọn mìíràn wá kọ́lé tì í, wọ́n di ilé mọ́kànlá, wọ́n sì ń pè é ní Bàbá Òkèèrè. Iṣẹ́ agbépòó náà sì dópin, nítorí pé olúkúlùkù ti gbẹ́ ṣáláńgá sílé ara rẹ̀. Ìlú ń yọ̀ pé ojú ti là. Wọn kò mọ̀ pé kànga àti ṣáláńgá ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Ọdún tí onígbáméjì wọ Òkèwodò, tí ó ń gbá ènìyàn lọ bí ìgbálẹ̀ ṣe ń gbá ewé, ni ìgbìmọ̀ ìlú tó gbà pé ohun tí àwọn ń ṣu ni àwọn ń mu. Wọ́n ránṣẹ́ pe wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kan, ọ̀dọ́kùnrin tó ń jẹ́ Bámgbàlà, pé kí ó wá yan ọ̀nà tí páìpù ńlá yóò gbà láti kó ìdọ̀tí gbogbo ilé kúrò láàárín ìlú, lọ dà á sínú adágún tí wọ́n gbẹ́ fún un lẹ́yìn odi.

Gbogbo ènìyàn ló fẹ́ páìpù. Kò kàn sí ẹni tó fẹ́ kó gba ilé tòun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ṣàngódèyí ti odò dé, ó bá ọ̀dà pupa lára ògiri rẹ̀. Kò tíì sọ omi kalẹ̀ tí ó fi gbọ́ ohùn Ìyá Àrẹ̀mú, amọ̀kòkò tó múlé tì í, tó ń pariwo bọ̀, tí amọ̀ tútù wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnpá.

“Bàbá Òkèèrè! Bàbá Òkèèrè o! Wọ́n ti kun tiyín náà! Gbogbo ilé mọ́kọ̀ọ̀kànlá ni wọ́n kùn!”

“Kí ni wọ́n kùn ún fún?”

“Wíwó ni o. Páìpù ìgbẹ́ ló fẹ́ gba abẹ́ ẹní wa kọjá. Ìgbẹ́ àwọn ọlọ́lá Òkè-Ọlá ló fẹ́ wá kí wa nílé. Ẹ ò rí i bí a ti di ẹni iyì!”

Ohun tó wà lẹ́yìn obìnrin náà ni Ṣàngódèyí ń wò. Èèkàn igi kan ni, tuntun, tí wọ́n fi òwú pupa so lórí. Wọ́n gún un mọ́ ilẹ̀ tó ń gbá lárààárọ̀, gẹ́lẹ́ níbi tí orí Àbíọ́nà wà. Ìkòkò omi bọ́ lórí rẹ̀, ó fọ́. Kò tilẹ̀ wo àpáàdì rẹ̀.

“Ta ló gún èyí?”

Bámgbàlà ń bọ̀ lókèèrè tòun ti okùn àti ìwé rẹ̀. Nígbà tó rí bí ojú bàbá náà ti rí, ó dọ̀bálẹ̀ kíá. “Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Èmi ni. Ẹ má bínú pé mo wọlé nígbà tí ẹ kò sí nílé.”

“Ọmọ mi, orí ènìyàn lo gún igi mọ́.”

Ọ̀dọ́kùnrin náà fò sẹ́yìn bí ẹni tẹ iná. “Sàréè ni? Áà! Bàbá, n kò rí àmì kankan níbẹ̀!”

“Àmì wà níbẹ̀. Èmi ni àmì.”

Bámgbàlà yọ èèkàn náà. Ó lóṣòó, ó fi igi rẹ̀ ya ilẹ̀, ó sì fi han bàbá náà bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. “Bó bá ṣe pé tèmi ni wọ́n gbọ́, Bàbá, n kò ní gba ìhín rárá. Ẹ wò ó, Òkè-Ọlá rèé, adágún rèé. Ọ̀nà tó tọ́ tààrà gba àárín agboolé Ọ̀tún Látúndé. Kò ní wó ju pálọ̀ kan lọ, omi á sì máa ṣàn lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Tí a bá gba Ìsàlẹ̀-Amọ̀, a ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, a ó tún gun òkè kékeré tó wà lọ́hùn-ún. Omi kì í gun òkè. Ìdọ̀tí á dúró síhìn-ín ni, á tún máa yọ sókè.”

“Tí o sì mọ bẹ́ẹ̀, kí ló gbé ọ débí?”

“Ọ̀tún Látúndé sọ fún ìgbìmọ̀ pé àpáta ló wà nísàlẹ̀ agboolé àwọn.”

Ẹnu Ṣàngódèyí là, kò sì lè pa á dé. “Àpáta bí?”

“Àpáta, Bàbá. Ó ní láti ayé baba ńlá àwọn, ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ kòtò kankan nínú agboolé náà rí. Ó ní bí ènìyàn bá gbẹ́ ẹ dé orúnkún, irin á máa ké. Èèwọ̀ sì ni kí àjèjì fi irin lu ilẹ̀ ibẹ̀, n kò lè dán an wò. Ọ̀la ni ìgbìmọ̀ máa tọwọ́ bọ ìwé, nínú pálọ̀ rẹ̀.”

Ìyá Àrẹ̀mú pa òṣé. “Láti ayé baba ńlá wọn, wọn kò gbẹ́ kòtò rí? Ojú ọ̀run ni wọ́n ń ṣu sí?”

Bámgbàlà rẹ́rìn-ín. Ṣàngódèyí kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ihò tí èèkàn náà fi sílẹ̀, ó ń mi orí. Kì í ṣe irọ́ tí olóyè náà pa ló yà á lẹ́nu; ó ti gbọ́ irọ́ tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú ọ̀nà. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè rántí ohun tí òun náà rántí, kó sì tún ya ẹnu pe ibẹ̀ ní àpáta. Ogójì ọdún ló ti ń rò pé ọ̀rọ̀ náà ń jẹ Látúndé lọ́kàn níbikíbi tó bá wà. Ó tilẹ̀ ti káàánú rẹ̀ nígbà mìíràn.

“Má tíì gún èèkàn mìíràn,” ni ó wí fún Bámgbàlà. “Mo ń bọ̀ nípàdé yín.”

Ní ọjọ́ kejì, ó wọ dàńṣíkí rẹ̀ kan ṣoṣo tó ṣì dára, ó gòkè lọ sí Òkè-Ọlá. Iwájú ilé kún fún òpó àti ọ̀dà oríṣiríṣi. Ó rìn títí, ó lọ, ó bọ̀, kò mọ èwo ni ti Ọ̀tún. Ó bá ọ̀nà tóóró kan yí gba ẹ̀yìn. Bí ó ti yọ sẹ́yìnkùlé báyìí, ó dúró. Ibẹ̀ nìyí. Ògiri ìdáná ṣì wà, igi ọsàn ti gbẹ, wọ́n sì ti fi búlọ́ọ̀kù dí ilẹ̀kùn kékeré tí òun ń gbà wọlé lójoojúmọ́. Ó na ọwọ́ kan ibẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ ọ́n.

Ó gba ẹnu ọ̀nà ìdáná wọlé. Obìnrin kan tó ń gún iyán dá ọmọ odó dúró.

“Bàbá, ọ̀nà iwájú ni àlejò ń gbà nílé yìí.”

“Ọmọ mi, èmi kì í ṣe àlejò nílé yìí.”

Ó fi ẹ̀yìn ti ògiri níbi ilẹ̀kùn tí wọ́n dí náà. Ó gbé ọwọ́ kan sókè sí orí rẹ̀ bí ẹni tó di ẹrù mú níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó yé yín: agbépòó kì í wo ilẹ̀. Aṣọ ló wà lójú rẹ̀, ẹrù ló wà lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni agbépòó tó bá kọsẹ̀ kò ní ìtàn rere láti sọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ẹsẹ̀ ka ọ̀nà. Wọ́n ka ìṣísẹ̀ ilé kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì mọ̀ ọ́n sórí bí ènìyàn ṣe mọ orúkọ ọmọ rẹ̀. Ṣàngódèyí pa ojú dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

“Ení. Èjì. Ẹ̀ta.”

Ó ka ẹ̀wá, ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obìnrin agúnyán náà ń tẹ̀lé e, ó ń pariwo pé wèrè ti wọlé. Nígbà tó ka eéjìdínlógún, ó ti ilẹ̀kùn kan pẹ̀lú èjìká, ó sì bọ́ sínú pálọ̀ tí ìgbìmọ̀ ìlú jókòó sí.

Pálọ̀ náà tóbi, ó lẹ́wà. Ọdún tí Látúndé jẹ oyè Ọ̀tún ló kọ́ ọ. Òun fúnra rẹ̀ wà ní ìkángun lórí àga ńlá kan tí wọ́n fi awọ ẹkùn tẹ́. Ìyálóde Efúnyẹmí, tó ń darí ìpàdé lọ́jọ́ náà, jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀; àwọn olóyè mẹ́fà mìíràn tò yí wọn ká; Bámgbàlà dúró ti tábìlì pẹ̀lú ìwé.

“Oókàndínlógún,” ni bàbá náà wí, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídé. “Ogún.”

Olóyè kan bú sẹ́rìn-ín. “Ọ̀tún, ẹ ò sọ fún wa pé ẹ gbé eléré wá!”

“Oókànlélógún. Eéjìlélógún.” Ó dúró. Ó la ojú. Orúnkún rẹ̀ ti kan orúnkún Ọ̀tún Látúndé. “Olóyè, mo kí yín o. Ẹ dákun, ẹ bá mi gbé ẹsẹ̀ yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu kòtò.”

Ọ̀tún wò ó láti òkè délẹ̀. “Ta ni ìwọ? Ta ló ṣílẹ̀kùn fún un?”

“Bàbá tí a fẹ́ wó ilé rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀-Amọ̀ ni, Olóyè,” ni Bámgbàlà sáré wí.

“Áà, mo gbọ́. Ẹ bá wa ṣe sùúrù, bàbá. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó dunni, ṣùgbọ́n a kì í tìtorí ilé kan kí ìlú ó kú. Àpáta ló wà níhìn-ín. Ẹ máa lọ.”

“Kòtò ló wà níhìn-ín,” ni Ṣàngódèyí wí. “Bàbá yín ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ, fún ọgọ́ta ènìyàn inú agboolé yìí. Okùn mi gùn tó ọ̀pá mẹ́fà, agbára káká ló fi ń kan ìsàlẹ̀ rẹ̀. Abẹ́ àga yín yìí gan-an ni ẹnu rẹ̀ wà. Èmi ni mo ń kó o.”

Àwọn olóyè ń wo ara wọn, wọ́n sì ń wo bàbá náà, wọ́n ń wo ojú rẹ̀, ojú tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò rí rí. Ọ̀kan nínú wọn rọra fa aṣọ rẹ̀ sẹ́yìn kó má bàa kàn án. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé gbogbo wọn pé ọkùnrin yìí mọ ilé àwọn.

“Irọ́!” Ọ̀tún fò dìde. “Nínú ilé yìí ni wọ́n bí mi! Kí agbépòó wá sọ fún mi ohun tó wà lábẹ́ ìdí mi, lójú àwọn ẹgbẹ́ mi! Ìyálóde, ẹ gbọ́ ohun tó ń wí!”

“Mo gbọ́,” ni Ìyálóde wí. “Ọ̀rọ̀ kékeré ni, Ọ̀tún. Ẹ jẹ́ kí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ gún un wò.”

“Èèwọ̀ ni kí àjèjì fi irin kan ilẹ̀ yìí!”

“Ẹ̀yin kì í ṣe àjèjì. Ẹ gún un fúnra yín.”

Kò sí ẹni tó tì í. Ìdánilójú ló tì í. Ó gba ọ̀pá irin gígùn lọ́wọ́ Bámgbàlà, ó ti àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ó ká agbádá lé èjìká. “Ẹ máa wò ó,” ni ó wí fún àwọn olóyè. “Bí irin yìí bá ké, kí bàbá yìí dọ̀bálẹ̀ fún mi, kó sì kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Ìsàlẹ̀-Amọ̀ lónìí.” Ó gbé irin náà sókè, ó gún ilẹ̀. Sìmẹ́ńtì fọ́n ká. Ó tún un gún. Ohùn tó jáde kò dà bí ti àpáta. Ó ń dún bí ìgbà tí ènìyàn lu ikùn ìkòkò òfìfo. Ìyálóde dìde dúró. Ọ̀tún kò gbọ́ nǹkan kan. Ó fi gbogbo agbára gún un lẹ́ẹ̀kẹta.

Irin náà wọlé. Kò dúró. Ó já gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sọnù sínú ilẹ̀ pátápátá, ọ̀pá tó ga ju ènìyàn lọ. Ọ̀tún dúró pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì ní nínà, kò sí nǹkan nínú wọn. Ó pẹ́ kí ohùn kan tó dáhùn láti ìsàlẹ̀ jíjìn, ohùn rírọ̀, bí ìgbà tí nǹkan wọ ẹrẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni òórùn náà jáde.

Ìyálóde ló kọ́kọ́ pariwo. Sìmẹ́ńtì ti ń sán láti ibi ihò náà lọ sábẹ́ àga ńlá, ó ń dún wẹ́wẹ́wẹ́. Ẹsẹ̀ àga kan rì, ẹ̀kejì tẹ̀lé e. Awọ ẹkùn, tìmùtìmù, àga olóyè, gbogbo rẹ̀ yẹ̀gẹ̀rẹ̀, ó sì wọlẹ̀ lọ lójú gbogbo wọn. Ọ̀tún dúró bí òpó, ó ń wo ibi tó jókòó sí ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn. Bí kì í bá ṣe pé Ṣàngódèyí gbá a mú ní ìgbànú, tó sì fà á sẹ́yìn, ìbá bá àga rẹ̀ lọ. Àwọn olóyè ti ń gba fèrèsé jáde. Ẹnìkan fi fìlà sílẹ̀, ẹnìkan fi bàtà sílẹ̀. Obìnrin agúnyán náà ti dé ọjà, ó ń kéde pé ilẹ̀ gbé Ọ̀tún mì.

Wọ́n pé jọ sí àgbàlá. Ọ̀tún Látúndé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, eruku bò ó lójú. Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

“Mo gbàgbé,” ni ó ń wí. “Ilé yìí ni wọ́n bí mi sí. Nígbà kan rí, mo ń lò ó lójoojúmọ́. Wọ́n fi pákó àti yanrìn bò ó, n kò sì ronú kàn án mọ́. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, mo gbàgbé.”

Ṣàngódèyí lóṣòó tì í. “Olóyè, ẹ rántí ìdí tí wọ́n fi bò ó?”

“Rárá.”

“Ẹ rántí ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó yín?”

“Mo rántí dáadáa. A pa màlúù mẹ́ta. Òjò kò rọ̀.”

“Ọjọ́ tó ṣíwájú rẹ̀, wọ́n ní kí a gbọ́n kòtò náà délẹ̀ nítorí àlejò. Àbíọ́nà àbúrò mi ló sọ̀ kalẹ̀. Atẹ́gùn ibẹ̀ pa á. Mo wọlé lọ, mo so okùn mọ́ ọn nídìí. N kò rí ẹni bá mi fà á. Ẹ̀yin dúró lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn pẹ̀lú aṣọ funfun. Mo ké sí yín. Ẹ ní, ‘Ẹ tètè gbé e kúrò, àlejò ti ń bọ̀.’ Mo bẹ̀ yín kí n fi omi wẹ̀ ẹ́. Ẹ ní kí n má fi ìkòkò ilé yín ṣe bẹ́ẹ̀.”

Wọ́n ń gbọ́ bí sìmẹ́ńtì ṣe ń jábọ́ sínú kòtò. Ọ̀tún wo ojú bàbá náà. Ó wò ó pẹ́ títí, ó ń wá ohun kan nínú orí ara rẹ̀, gbogbo ènìyàn ló rí i pé ó ń wá a tinútinú, kò sì rí i.

“Ta ni Àbíọ́nà?” ni ó bèèrè, jẹ́jẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú pálọ̀ kò mi Ṣàngódèyí. Ó ti mọ̀ pé ilẹ̀ ibẹ̀ kò lè di ẹnikẹ́ni mú. Ìbéèrè yìí ló mì í. Ogójì ọdún ló fi rò pé òun àti Látúndé ni wọ́n jọ ru òkú yẹn. Òun nìkan ni, láti ọjọ́ tó gbé e rù.

Ìyálóde Efúnyẹmí nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìró. Ó yí sí Bámgbàlà, ó ní kó mú ìwé rẹ̀ wá. “Pa ilà Ìsàlẹ̀-Amọ̀ rẹ́. Fà á gba ìhín tààrà. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ jiyàn, kó wọ pálọ̀ lọ jiyàn.” Kò sí ẹni tó wọ pálọ̀. Lọ́sẹ̀ náà gan-an ni wọ́n wó o, páìpù sì gba ibẹ̀ kọjá. Bí Bámgbàlà ti fẹ́ kí omi ṣàn, bẹ́ẹ̀ ló ṣàn. Wọ́n fi ẹfun kun ilé mọ́kànlá náà bo ọ̀dà pupa, Ìyá Àrẹ̀mú sì ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ìgbẹ́ ọlọ́lá kọ̀ láti kí òun nílé.

Ní oṣù kejì, Ọ̀tún Látúndé fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn wá sí Ìsàlẹ̀-Amọ̀. Kò mú ẹnikẹ́ni dání. Ó bá Ṣàngódèyí níbi tó ti ń gbálẹ̀, ó sì ṣí fìlà.

“Mo ti bi àwọn tó kù nínú ìdílé wa,” ni ó wí. “Mo bi ìyàwó mi. Mo jókòó, mo di orí mú. N kò rántí rẹ̀. N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ tọrọ àforíjì ohun tí n kò rántí. Ṣé ẹ gbà mí gbọ́, bàbá? N kò purọ́ fún ìgbìmọ̀.”

“Mo gbà yín gbọ́, Olóyè. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.” Ó fi ìgbálẹ̀ tì, ó na àpótí kan sí i kó jókòó. “Ẹ má ba ara yín jẹ́ ní wíwá a. Kí lẹ fẹ́ fi rántí rẹ̀? Ẹ lóṣòó, ẹ dìde, ẹ wẹ ọwọ́, ó parí. Kò wúwo lára yín rí. Èmi ni mo mọ bó ṣe wúwo tó, nítorí orí mi ló wà.”

Nígbà tí olóyè náà délé, ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún Ìyálóde gẹ́gẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ. Ìyálóde tún un sọ níwájú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ tí ẹnìkan sọ pé ọ̀rọ̀ tó ti pẹ́ ni, pé kí wọ́n gbé e tì. Àwọn tó gbọ́ ọ níbẹ̀ mú un lọ sílé, wọ́n gé e kúrú bí àgbà ṣe ń gé ọ̀rọ̀, ó sì di ohun tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ohun tí òun ti gbàgbé ti parí: ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.